Ọmọ Tí Ọpọlọ Rẹ̀ Fara Gbọgbẹ́, Ààyè Rẹ̀ Wà Ní Ilé-Ẹ̀kọ́

Ọ̀rọ̀ tí a gbé wá nínú ìwé ẹgbẹ́ ti oṣù yìí kì í ṣe ọ̀rọ̀ owó oṣù tí àwọn kan kò tíì san, kì í sì í ṣe ọ̀rọ̀ ilé ìpàdé. Ọ̀rọ̀ àwọn ọmọ wa kan ni. A bí wọn ní pípé, wọ́n ń kàwé dáadáa, kí àìsàn tàbí jàǹbá tó kàn wọ́n ní orí. Wọ́n yè é, a sì dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run. Ṣùgbọ́n nígbà tí wọ́n padà sí kíláàsì, wọn kì í ṣe ọmọ tí tíṣà mọ̀ tẹ́lẹ̀ mọ́.

Ọ̀pọ̀ nínú wa ni ó mọ irú ọmọ tí a ń sọ. Kí ó tó ṣàìsàn, bí a bá rán an ní nǹkan mẹ́ta ní ọjà, mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ni yóò rà bọ̀. Nísinsìnyí, bí a bá rán an ní méjì, ọ̀kan ni yóò mú wá, a ó sì ní eré ni ó ń ṣe lọ́nà. Tíṣà yóò kọ iṣẹ́ sí ojú pátákó. Kí ọmọ náà tó da ìlà méjì kọ, wọ́n ti nù ún. Orí a máa fọ́ ọ. Oorun a máa kùn ún kí oòrùn tó kan àtàrí. Ọmọ tí kì í bínú rí a máa bá ẹgbẹ́ rẹ̀ jà. Bẹ́ẹ̀ ni kò sí àpá ní ara rẹ̀, kò tiro, ojú rẹ̀ sì ríran. Nítorí èyí ni àwọn ènìyàn fi ń sọ pé ọ̀lẹ ni, tàbí pé ayé ti ṣe é.

Ohun mẹ́ta ni a sábà máa ń rí kí òbí ṣe fún irú ọmọ yìí láàárín àwa Yorùbá tí ó wà ní Òkè Ọya. Èkínní, wọn a máa nà án, pé bóyá ọgbọ́n rẹ̀ á padà. Èkejì, wọn a mú un kúrò ní ilé-ẹ̀kọ́, wọn a gbé ọjà lé e lórí kí ó máa kiri, tàbí kí wọ́n fi í jókòó ti ṣọ́ọ̀bù. Ẹ̀kẹta, wọn a fi í sínú ọkọ̀ lọ sí ilé, lọ bá ìyá àgbà ní Ọ̀fà tàbí ní Ògbómọ̀ṣọ́ tàbí ní Ìlọrin, pẹ̀lú ìrètí pé ara rẹ̀ á balẹ̀ níbẹ̀. Èrò tiwa ni pé kò sí ọ̀kan nínú mẹ́ta yìí tí ó ń mú ọmọ náà dára. Ohun tí ó lè ràn án lọ́wọ́ ni kí ó padà sí ilé-ẹ̀kọ́ díẹ̀díẹ̀, ní Kaduna níhìn-ín, kí òbí àti tíṣà mọ ohun tí ó ṣe é, kí ẹgbẹ́ wa sì ti òbí náà lẹ́yìn. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ fara balẹ̀ kà á dé òpin.

OHUN TÍ Ó Ń FA Á

Àìsàn kìíní ni èyí tí àwọn Hausa ń pè ní sankarau, tí àwa ń pè ní yínrùnyínrùn. Ilẹ̀ tí a wà yìí jẹ́ apá kan nínú àgbègbè gígùn kan tí ó bẹ̀rẹ̀ láti Senegal títí dé Ethiopia, níbi tí àìsàn náà ti ń jà ju ibikíbi lọ ní ayé. Ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn ni ó ń jà, nígbà ọyẹ́ àti nígbà ooru, títí òjò yóò fi rọ̀. Kòkòrò rẹ̀ a wọ inú awọ tí ó bo ọpọlọ. Ibà a mú ọmọ, ọrùn rẹ̀ a le, orí a fọ́ ọ, kò sì ní fẹ́ rí ìmọ́lẹ̀. Ní ọdún 1996, ó ju 100,000 ènìyàn lọ tí ó kọlù ní orílẹ̀-èdè yìí, àwọn tí ó kú sì ju 11,000 lọ. Láti ọdún 2011 ni wọ́n ti bẹ̀rẹ̀ sí fún wa ní abẹ́rẹ́ àjẹsára kan tí ó ṣẹ́gun irú rẹ̀ tí wọ́n ń pè ní A. Ṣùgbọ́n ní ọdún 2017, irú C dìde ní Zamfara, Sokoto, Katsina àti Kebbi, ó sì pa ènìyàn tí ó ju 1,100 lọ. Ní oṣù kẹrin ọdún 2024, Nàìjíríà ni orílẹ̀-èdè àkọ́kọ́ ní gbogbo ayé tí ó bẹ̀rẹ̀ sí lo abẹ́rẹ́ tuntun tí ó ń dènà irú márùn-ún lẹ́ẹ̀kan náà.

Àwọn tí ó kú ni a máa ń kà. Àwọn tí ó yè kò sí ẹni tí ń ka iye wọn. Àjọ ìlera àgbáyé, WHO, sọ pé nínú ẹni márùn-ún tí yínrùnyínrùn bá mú tí ó sì yè é, ó tó ẹnì kan tí yóò ní àbùkù tí kò ní tètè lọ: etí dídi, wárápá, apá tàbí ẹsẹ̀ tí kò lágbára, tàbí iyè tí ó ti ra. Ọmọ ilé-ìwé ni púpọ̀ nínú wọn.

Àìsàn kejì ni ibà, nígbà tí ó bá gun orí. Gbogbo wa ni a mọ ibà, nítorí náà a kì í kà á sí. Ṣùgbọ́n ibà tí ó mú ọmọ dákú tí kò mọ ẹnikẹ́ni mọ́, ọpọlọ ni ó dé. Ní Uganda, àwọn dókítà tẹ̀lé àwọn ọmọ tí irú ibà bẹ́ẹ̀ mú fún ọdún méjì lẹ́yìn tí wọ́n ti sàn. Ohun tí wọ́n tẹ̀ jáde ní ọdún 2008 ni pé nínú ọmọ mẹ́rin, ó tó ẹyọ kan tí iyè rẹ̀ tàbí ìfetísílẹ̀ rẹ̀ kò bọ̀ sípò. Òbí rí i pé ibà ti lọ, wọ́n ní ọmọ ti sàn. Kò sí ẹni tí ó bá tíṣà sọ nǹkan kan.

Ẹ̀kẹta kàn wá gbọ̀ngbọ̀n, nítorí ọwọ́ ara wa ni ó ti ń wá. Bí gìrì bá gbé ọmọ, àwọn kan nínú wa ṣì ń fún un ní àgbo ìtọ̀ màlúù, tí wọ́n fi ewé tábà, efinrin, aáyù àti àlùbọ́sà sí. Ó ti tó 50 ọdún tí àwọn dókítà ní Ìbàdàn ti ń kọ ọ́ sílẹ̀ pé àgbo yìí a máa fa ṣúgà inú ẹ̀jẹ̀ ọmọ wálẹ̀. Ṣúgà yìí sì ni oúnjẹ ọpọlọ. Bí ebi bá pa ọpọlọ fún wákàtí díẹ̀, apá kan nínú rẹ̀ a kú. Gìrì lásán, èyí tí ara gbígbóná ń fà, kì í sábà ba ọpọlọ jẹ́. Àgbo tí a fi ń lé e ni ó ń bà á jẹ́. A kò sọ pé kí ẹnikẹ́ni kó ìṣègùn baba wa dànù. Ṣùgbọ́n ìyá tí ó bá ní ìtọ̀ màlúù nínú ìgò lábẹ́ ibùsùn, kí ó dà á nù lónìí. Bí gìrì bá gbé ọmọ, ẹ fi ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ lélẹ̀, ẹ tú aṣọ rẹ̀, ẹ má ṣe ki ṣíbí bọ̀ ọ́ lẹ́nu, ẹ má ṣe ti ẹsẹ̀ rẹ̀ bọ iná, ẹ gbé e lọ sí ọsibítù.

Ẹ̀kẹrin ni jàǹbá. Ọmọ já bọ́ láti orí igi máńgòrò. Ọmọ ṣubú láti ara ògiri. Ọkọ̀ gbá ọmọ ní ojú títì. A sì ń rí àwọn bàbá tí ń gbé ọmọ mẹ́ta sórí alùpùpù kan lọ sí ilé-ìwé ní òwúrọ̀, tí ẹnì kankan nínú wọn kò dé akoto. Bí ọmọ bá fi orí gbálẹ̀ tí ó dákú, tí ó sì jí lẹ́yìn náà, a ó ní kò ṣe é ní nǹkan kan nítorí pé kò ṣẹ̀jẹ̀. Ọpọlọ lè gbọgbẹ́ kí awọ orí má ya.

OHUN TÍ ỌGBẸ́ NÁÀ Ń ṢE

Ẹ jẹ́ kí a sọ ọ́ bí àwa oníṣòwò yóò ti mọ̀ ọ́n. Bí iná bá jó apá kan ṣọ́ọ̀bù, ọjà kì í jó tán. Aṣọ ṣì wà lórí pẹpẹ, ìwé gbèsè ṣì wà nínú dúrọ́ọ̀. Ṣùgbọ́n gbogbo rẹ̀ ti dàrú. Bí oníbàárà bá dé, ohun tí ọmọ ṣọ́ọ̀bù ti ń nawọ́ mú lẹ́sẹ̀ kan náà, yóò wá a títí. Bí oníbàárà mẹ́ta bá dé pọ̀, gbogbo rẹ̀ dà rú mọ́ ọn lójú. Kì í ṣe pé kò mọ ọjà. Ọ̀nà tí ó ń gbà dé ìdí ọjà ni iná ti dí. Bẹ́ẹ̀ ni ti ọmọ tí ọpọlọ rẹ̀ gbọgbẹ́. Ohun tí ó ti kọ́ kí ó tó ṣàìsàn lè ṣì wà níbẹ̀, títí kan ewì, Kùránì tàbí Bíbélì tí ó ti há sórí. Ohun tuntun ni ó ṣòro fún un láti gbà wọlé, àti láti ṣe nǹkan méjì pọ̀ lẹ́ẹ̀kan náà.

Nítorí náà, ó ń rẹ̀ ẹ́ ju ẹgbẹ́ rẹ̀ lọ. Iṣẹ́ tí àwọn yòókù ń ṣe láìronú, agbára ni òun fi ń ṣe é. Nígbà tí yóò fi di ọ̀sán, agbára rẹ̀ ti tán. Ariwo kíláàsì tí ọmọ 70 wà nínú rẹ̀ a máa da orí rẹ̀ rú. Ìbínú rẹ̀ sì lè jẹ́ ara ọgbẹ́ náà, nítorí apá iwájú ọpọlọ ni ó ń kó ènìyàn níjàánu.

Ohun kan tún wà tí ó ń tan òbí jẹ, ẹ fi sọ́kàn. Ọmọ lè ní ọgbẹ́ yìí ní ọmọ ọdún mẹ́rin, kí ó máa ṣe dáadáa ní kíláàsì kìíní àti ìkejì, kí ó tó wá di kíláàsì kẹrin tàbí ìkarùn-ún, tàbí sẹ́kọ́ńdírì pàápàá, kí wàhálà tó dé. Ìdí rẹ̀ ni pé apá ọpọlọ tí ó fara gbọgbẹ́ kò tíì ní iṣẹ́ púpọ̀ láti ṣe nígbà náà. Nígbà tí iṣẹ́ dé tí a pè é, kò lè dáhùn. Òbí yóò ti gbàgbé àìsàn ọdún mẹ́fà sẹ́yìn, wọn a ní ẹgbẹ́ búburú ni ó ń kó. Ẹ tọ́jú ìwé ọsibítù ọmọ yín bí ẹ ti ń tọ́jú ìwé ilẹ̀.

Ju gbogbo rẹ̀ lọ, ẹ yẹ etí ọmọ wò. Ọmọ tí yínrùnyínrùn mú, kí ẹ gbé e lọ fún àyẹ̀wò etí kí ó tó pé oṣù kan lẹ́yìn tí ó bá kúrò ní ọsibítù. Kaduna níhìn-ín ni National Ear Care Centre ti ìjọba àpapọ̀ wà. Àwọn ará ìpínlẹ̀ mìíràn ń wọkọ̀ wá síbẹ̀, àwa sì wà ní ìtòsí rẹ̀. Àìmọye ọmọ ni wọ́n ti pè ní olórí kunkun, tí ó sì jẹ́ pé kò gbọ́ ohun tí wọ́n sọ ni. Bí wárápá bá sì bẹ̀rẹ̀ lẹ́yìn àìsàn náà, oògùn wà fún un. Wọ́n ń tọ́jú rẹ̀ ní ọsibítù Neuro-Psychiatric tí ó wà ní Barnawa. Kí orúkọ ọsibítù náà má ṣe lé ẹnikẹ́ni sá. Wárápá kì í ṣe wèrè, itọ́ ẹnu rẹ̀ kì í sì í ràn. Kò sí ìdí tí a ó fi lé ọmọ oníwárápá kúrò ní kíláàsì.

OHUN TÍ TÍṢÀ ÀTI ÒBÍ LÈ ṢE

Àwọn kan yóò ní ohun tí a ń sọ yìí, ti òyìnbó ni, tí ó ní owó. A kò kọ̀ pé àwọn ìlú mìíràn ti ṣíwájú. Ní Amẹ́ríkà, ọdún 1990 ni wọ́n ti kọ orúkọ ọgbẹ́ ọpọlọ sínú òfin ẹ̀kọ́ àkànṣe, pé irú ọmọ bẹ́ẹ̀ ní ẹ̀tọ́ sí ìrànlọ́wọ́ ní ilé-ìwé. Ṣùgbọ́n ẹ wo àwọn ohun tí ó ń ran ọmọ náà lọ́wọ́ jù lọ, kí ẹ sọ fún wa èwo ni ó gba owó púpọ̀.

Kí ó kọ́kọ́ máa lọ ní ìdajì ọjọ́, fún ọ̀sẹ̀ mélòó kan, kí a tó fi kún un. Kí ó jókòó ní iwájú, kí ó jìnnà sí fèrèsé tí ó kọjú sí títì. Kí tíṣà máa sọ ohun kan fún un lẹ́ẹ̀kan. Bí ó bá parí rẹ̀, kí ó sọ èkejì. Kí ó jẹ́ kí ọmọ náà tún un sọ kí ó lè mọ̀ pé ó yé e. Kí ọmọ olóye kan tí ó ní sùúrù jókòó tì í, kí ó máa da ohun ojú pátákó kọ fún un. Kí wọ́n fún un ní àkókò díẹ̀ sí i nígbà ìdánwò. Kí wọ́n dín iṣẹ́ àṣetiléwá kù: bí àwọn yòókù bá ṣe ìṣirò mẹ́wàá, kí òun ṣe mẹ́rin, ṣùgbọ́n kí ó ṣe é kó yé e. Kí ó ní ìwé kékeré kan nínú àpò tí ó ń kọ ohun tí wọ́n rán an sí. Bí ó bá rẹ̀ ẹ́, kí wọ́n jẹ́ kí ó sinmi fún ìṣẹ́jú mẹ́wàá. Ní ilé, kí ó jẹun kí ó tó jáde, kí ó sì tètè sùn, nítorí oorun ni oògùn ọpọlọ.

Èkejì, kí wọ́n má ṣe nà án, pàápàá kí wọ́n má ṣe gbá a ní orí tàbí ní etí. Orí tí ó ti gbọgbẹ́ lẹ́ẹ̀kan kò gbọdọ̀ tún jẹ ìyà. Pàṣán kò lè dá iyè tí ó ra padà. Ìbẹ̀rù ni ó ń fi kún un, ìbẹ̀rù sì ń lé ìwọ̀nba ohun tí ó kù lọ.

A mọ̀ pé tíṣà tí ó ní ọmọ 70 níwájú rẹ̀ kò lè fi gbogbo ọjọ́ dúró ti ẹyọ kan. Nítorí èyí ni a fi sọ pé ẹ lọ bá a. Púpọ̀ nínú àwọn tíṣà kò tilẹ̀ mọ̀ pé ọmọ náà ṣàìsàn. Ìwé dókítà kan ṣoṣo, tí ó sọ ohun tí ó ṣe ọmọ, lè sọ tíṣà tí ń bú ọmọ di ẹni tí ń ràn án lọ́wọ́. Orílẹ̀-èdè yìí sì ní àwọn tí wọ́n kọ́ fún iṣẹ́ yìí gan-an: láti ọdún 1977 ni kọ́lẹ́ẹ̀jì ìjọba àpapọ̀ fún ẹ̀kọ́ àkànṣe ti wà ní Ọ̀yọ́, tí ń kọ́ àwọn tí yóò kọ́ ọmọ aláàbọ̀ ara. Bí ẹ bá dé ilé-ìwé, ẹ bi hẹdimásítà bóyá irú wọn wà níbẹ̀.

Òfin pàápàá wà ní ẹ̀yìn wa. Òfin tí ó kọ ìfìyàjẹ àwọn aláàbọ̀ ara, tí Ààrẹ fọwọ́ sí ní oṣù kìíní ọdún 2019, sọ pé ẹni tí ó ní àbùkù ní ẹ̀tọ́ sí ẹ̀kọ́ láìsí ìyàsọ́tọ̀. Àbùkù tí a kò fi ojú rí náà, àbùkù ni. Bí ilé-ìwé kan bá sọ pé kí ẹ mú ọmọ yín lọ nítorí pé kò tètè gbọ́ ọ̀rọ̀, kí ẹ má ṣe fi ọ̀wọ̀ àtìpó dákẹ́. Ọmọ Nàìjíríà ni.

Ọ̀RỌ̀ FÍFI ỌMỌ RÁNṢẸ́ SÍ ILÉ

Ibi tí ọ̀rọ̀ yóò ti le nìyí, nítorí pé ọ̀pọ̀ àgbà ẹgbẹ́ ni ó gbà pé ilé ni ó dára jù fún irú ọmọ bẹ́ẹ̀. Wọ́n ní àjò kò dùn kí onílé má re ilé. Wọ́n ní ìyá àgbà ní sùúrù, ìyá ọmọ sì wà ní ọjà láti òwúrọ̀ di alẹ́. Wọ́n ní ilé ni a ti mọ ìdí ọ̀rọ̀, bí ó bá jẹ́ pé ayé ni ó ṣe é. A gbọ́ gbogbo rẹ̀, a sì bọ̀wọ̀ fún àwọn tí ó sọ ọ́.

Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí a yẹ̀ ẹ́ wò. Ọmọ tí a bí ní Tudun Wada tàbí ní Kakuri, Kaduna ni ilé rẹ̀. Hausa ni ó fi ń bá ọ̀rẹ́ rẹ̀ ṣeré. Ó mọ ọ̀nà ilé-ìwé rẹ̀ láìronú, ó mọ ilé onírẹsì, ó mọ orúkọ àwọn tí ó jókòó yí i ká ní kíláàsì. Ohun tí ó ti mọ̀ tẹ́lẹ̀ yìí ni ọ̀pá tí ọpọlọ rẹ̀ fi ń tilẹ̀ rìn nísinsìnyí. Ẹ wá gbé e lọ sí ìlú tí kò mọ títì rẹ̀, láàárín àwọn ọmọ tí wọn ó máa fi Yorùbá rẹ̀ tí ó lọ́ ṣe yẹ̀yẹ́. Ohun tuntun ni ó ṣòro fún un jù lọ, ohun tuntun nìkan ni a sì kó lé e lórí. Lẹ́yìn náà, fáìlì rẹ̀ wà ní ọsibítù níhìn-ín, ibi tí a ti ń yẹ etí rẹ̀ wò wà níhìn-ín, oògùn wárápá rẹ̀ lè tán ní ọ̀dọ̀ ìyá àgbà tí òun pàápàá ń fẹ́ ẹni tí yóò tọ́jú òun. Àwọn tí wọ́n bá lọ báyìí, ó ṣọ̀wọ́n kí wọ́n tún wọ kíláàsì.

A kò sọ pé ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ lọ sí ilé. Bí ó bá jẹ́ pé iṣẹ́ abẹ orí ni dókítà ní kí ẹ lọ ṣe ní UCH ní Ìbàdàn, ẹ lọ. Ibẹ̀ ni Ọ̀jọ̀gbọ́n Látúndé Ọdẹ́kù, ọmọ Awẹ́, tí ó jẹ́ ọmọ Nàìjíríà àkọ́kọ́ tí ó kọ́ iṣẹ́ abẹ ọpọlọ, ti bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ náà ní ọdún 1962. Bí ìyá àgbà bá lágbára, ẹ mú un wá sí Kaduna kí ó wá gbé ọ̀dọ̀ ọmọ. Ní ti àdúrà, ẹ gbà á ní mọ́ṣáláṣí, ẹ gbà á ní ṣọ́ọ̀ṣì. Ṣùgbọ́n ẹ má ṣe dá oògùn rẹ̀ dúró nítorí àdúrà, ẹ má sì ṣe fi í sílẹ̀ ní ilé àdúrà fún oṣù mẹ́fà nígbà tí ẹgbẹ́ rẹ̀ ń kàwé.

Ẹlòmíràn yóò béèrè pé: owó ilé-ìwé tí a ń san lórí ọmọ tí kò ní gba ipò kìíní mọ́, kí ni èrè rẹ̀? Èsì wa ni pé kì í ṣe nítorí ipò kìíní nìkan ni a fi ń rán ọmọ lọ sí ilé-ìwé. Ọmọ tí ó bá lè ka orúkọ ọkọ̀, tí ó lè ṣírò ṣéńjì, tí ó lè kọ lẹ́tà, tí ó sì mọ bí a ti ń bá ènìyàn gbé, kò ní di ẹrù sí ẹnikẹ́ni lọ́rùn. Ọpọlọ ọmọdé a sì máa bọ̀ sípò díẹ̀díẹ̀ bí a bá ń lò ó. Kì í ṣe ní oṣù kan, kì í ṣe ní ọdún kan. Ṣọ́ọ̀bù tí a fẹ́ fi í jókòó tì lónìí, yóò nílò ìṣirò níbẹ̀ lọ́la. Bí a bá mú un kúrò ní ilé-ẹ̀kọ́, ọgbẹ́ tí àìsàn dá sí i lára, àwa ni a ó fi kún un.

OHUN TÍ A FẸ́ KÍ ẸGBẸ́ ṢE

Ní ìpàdé gbogboogbò tí ń bọ̀, a ó gbé ohun mẹ́rin síwájú ilé, kí ẹ rò ó kí ẹ tó dé.

Èkínní, nínú owó ìrànwọ́ ẹ̀kọ́ tí ẹgbẹ́ ń yọ ní ọdọọdún, tí ó jẹ́ pé àwọn tí ó bá yege jù nìkan ni a ń fún, kí a mú ìdá kan nínú mẹ́ta sọ́tọ̀ fún ọmọ tí àìsàn tàbí jàǹbá ṣe ní orí, láti fi san owó àyẹ̀wò etí, oògùn àti owó ọkọ̀.

Èkejì, bí a bá gbọ́ pé ọmọ ẹgbẹ́ kan ní ọmọ tí irú èyí bá, kí àgbà méjì láti àdúgbò rẹ̀ bá a lọ sí ọ̀dọ̀ hẹdimásítà pẹ̀lú ìwé dókítà. Òbí tí ó nìkan lọ, ojú a máa tì í. Ẹni tí ó ní ẹlẹ́rìí lẹ́yìn kì í sọ̀rọ̀ bí ẹni tí ń bẹ̀bẹ̀.

Ẹ̀kẹta, àwọn tíṣà tí ó ti fẹ̀yìntì pọ̀ láàárín wa. Kí wọ́n fún irú ọmọ bẹ́ẹ̀ ní wákàtí kan lẹ́ẹ̀mejì ní ọ̀sẹ̀, ní ilé ìpàdé wa, kí ẹgbẹ́ máa fún wọn ní owó ọkọ̀.

Ẹ̀kẹrin, kí ẹgbẹ́ àwọn ìyá pe nọ́ọ̀sì kan kí ó wá bá wọn sọ̀rọ̀ kí ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn tó wọlé, nípa abẹ́rẹ́ yínrùnyínrùn àti nípa àgbo ìtọ̀ màlúù.

A mọ̀ pé àwọn kan yóò sọ pé àpò ẹgbẹ́ kò kún. Ṣùgbọ́n bí ọmọ ẹgbẹ́ bá kú, kí ilẹ̀ tó ṣú a ti dá owó ọkọ̀ tí yóò gbé òkú rẹ̀ lọ sí ilé, a sì ti yan àwọn tí yóò sìn ín dé ibẹ̀. Ohun tí ó dára ni, a kò ní kí a dá a dúró. Àwọn baba wa tí ó dá ẹgbẹ́ sílẹ̀ ní ìlú àjò ṣe é kí ẹnikẹ́ni má ṣe wà láìní ẹbí. Bí a bá lè ṣe èyí fún òkú, ó yẹ kí a lè ṣe é fún ọmọ tí ó ti rí ikú tí ó sì padà bọ̀.

Kí oníkálukú wá sí ìpàdé. Ẹni tí ó bá ní irú ọmọ yìí ní ilé, kí ó má ṣe fi í pamọ́. Kí ó wá rí wa kí ìpàdé tó bẹ̀rẹ̀, a ó kọ orúkọ sílẹ̀ ní bòókẹ́lẹ́, a kò sì ní kà á jáde. Kí Ọlọ́run dá àwọn ọmọ wa sí, kí ó sì fún wa ní sùúrù láti tọ́ wọn. Àmín.

Àwa ni tiyín nínú iṣẹ́ ẹgbẹ́,
Akọ̀wé Ẹ̀ka, Kaduna.